Nína iṣan àti ìṣúnná agbára nínú eré ọlọ́nà jíjìn

Nínú eré ọlọ́nà jíjìn, ìṣúnná agbára ni kí sárésáré máa lo atẹ́gùn ọ́síjìn tó kéré sí ti akẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí eré àwọn méjèèjì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ara bá ṣe rọ̀ tó ni agbára ṣe ń ṣẹ́ kù tó. Ìwádìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Iṣan ńlá tó wà lókè gìgísẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ó ń ṣe bíi rọ́bà kànnàkànnà: bí ẹsẹ̀ bá tẹlẹ̀, ìwúwo ara á fà á, agbára á kó sínú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ gbéra, á sún kì, á dá agbára ọ̀hún padà. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé iṣan tó le díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ju èyí tó dẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2003, ó sá máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25. Obìnrin kankan kò sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di 2019. Andrew Jones, onímọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kọ ọ́ ní 2006 pé láàárín 1992 sí 2003, ọ́síjìn tó ń ná lórí kìlómítà kan fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dínkù. Láti wọn bí ara ṣe rọ̀ tó, ènìyàn á jókòó sílẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, á wá tẹ̀ síwájú, kí wọ́n wo ibi tí ìka ọwọ́ rẹ̀ dé. Láàárín 1996 sí 2003, ibi tí ọwọ́ Radcliffe ń dé fi sẹ́ǹtímítà 4 fà sẹ́yìn. Ara rẹ̀ ń gan sí i, eré rẹ̀ ń dán sí i.

Síbẹ̀, èyí kò sọ nína iṣan di ọ̀tá sárésáré. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ 10 na iṣan rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń ná kò yí padà. Àsìkò ló yẹ ká ṣọ́: bí wọ́n bá na iṣan kan ju ìṣẹ́jú kan lọ kété kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ipá iṣan náà máa ń dínkù fúngbà díẹ̀. Ààbò tí wọ́n ní ó ń fúnni kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ọmọ ogun tuntun 1,538 ní Ọsirélíà, àwọn tó na iṣan ṣáájú eré ń fara pa bíi ti àwọn tí kò nà án. Sísáré jẹ́jẹ́ àti jíju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ sárésáré fi ń mú ara gbóná báyìí. Ó di ẹ̀yìn eré kí wọ́n tó na iṣan pẹ́.