Bí DNA ìyá ṣe ń ṣini lọ́nà nípa ìran àgbọ̀nrín

Àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, èyí tó pupa, tó ní ìlà àti àmì tótòtó funfun lára, ni ìwé sáyẹ́ǹsì ń pè ní Tragelaphus scriptus. Ìdílé ńlá méjì ló ní. Scriptus, tiwa níbí, wà láti Senegal títí dé ìhà Etiópíà. Sylvaticus wà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, àmì ara tirẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Moodley, Bruford àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde tó da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n yẹ DNA inú mitokọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, wò, wọ́n sì rí i pé ti Scriptus sún mọ́ ti nyala, ẹran gúúsù Áfíríkà, ju ti Sylvaticus lọ. Ẹni tó bá wo ojú àwọn ẹran náà kò ní gbà.

Irú DNA méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ti inú kúrómósómù, àwọn okùn tí DNA wé mọ́ra sí, ju bílíọ̀nù méjì lẹ́tà lọ, bàbá àti ìyá ló sì jọ fún ọmọ. Ti mitokọ́ńdíríà kò ju nǹkan bí 16,000 lẹ́tà àti jíìnì 37 lọ, ìyá nìkan ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ó mọ ọmọ ìyá, kò mọ ọbàkan.

Nígbà tí Hassanin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yẹ jíìnì inú kúrómósómù wò, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, Scriptus àti Sylvaticus padà di tẹbí. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé akọ àgbọ̀nrín gun abo ẹ̀yà mìíràn tó bá nyala tan, ẹ̀yà tó ti run báyìí. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí gba ìdajì DNA kúrómósómù ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo mitokọ́ńdíríà rẹ̀ ló gbà. Bí òun náà àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ bá ń bá akọ àgbọ̀nrín lò, ìdajì á di ìdá mẹ́rin, á di ìdá mẹ́jọ. Ní ìran kẹwàá, ìdá kan nínú 1,024 ló kù. Mitokọ́ńdíríà ìyá àgbà ṣì pé pérépéré. Ó ṣeé ṣe nítorí pé láàárín ẹran ọlọ́mú, akọ àdàlù ló sábà máa ń yàgàn. Abo ṣì lè bí.

Kúrómósómù fúnra rẹ̀ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Màlúù ní 60. Lára ọ̀pọ̀ ìbátan àgbọ̀nrín, kúrómósómù ti so pọ̀ ní méjì-méjì, iye ń dín kù, DNA kò sọnù. Eland, ìbátan wọn tó tóbi jù, abo rẹ̀ ní 32, akọ ní 31. Kì í ṣe àṣìṣe kíkà: Y, kúrómósómù tó ń sọ ẹran di akọ, ti lẹ̀ mọ́ kúrómósómù 13, nítorí náà ẹyọ kan dín.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìsopọ̀ bàbá àti ti ìyá bá yàtọ̀. Nígbà tí ọmọ àdàlù bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, kúrómósómù lè má pín dọ́gba, ọlẹ̀ á sì bàjẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí dik-dik, irú ẹran ìgbẹ́ kékeré kan, nínú ọgbà ẹranko: wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n iye kúrómósómù wọn kò dọ́gba, àwọn akọ àdàlù tí wọ́n bí sì yàgàn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí lórí ẹran ìgbẹ́ ọjà, kó gé ègé tó kéré, kó rì í sínú ọtí ethanol 95%. Ẹran tí wọ́n ti yan gbẹ, iná ti já DNA rẹ̀ sí wẹ́wẹ́; abala kúkúrú ló yẹ kó wá níbẹ̀. Kó ṣọ́ra pẹ̀lú, torí ẹ̀dà jíìnì mitokọ́ńdíríà kan máa ń sá wọ inú kúrómósómù, a sì lè kà á bí ojúlówó. Kíka kúrómósómù ní tirẹ̀ ń fẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ń pín. Ẹran ọjà kò wúlò fún un rárá.