Ilé aṣòfin tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Nunavut

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan wà lókè téńté àríwá Kánádà tí kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú rẹ̀. Kò sí asíá ẹgbẹ́, kò sí alága ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè ti inú ẹgbẹ́ kan fò sínú òmíràn. Bí mo bá sọ ọ́ fáwọn èèyàn wa, àwọn kan á ní irọ́ ni. Àwọn mìíràn á ní, "Ta wá ni ń ta ko ìjọba níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun náà ló sì le jù láti dáhùn.

Níbo ni Nunavut wà ná?

Kánádà ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá, ó sì tún ní agbègbè mẹ́ta lápá àríwá tí agbára wọn kò tó ti ìpínlẹ̀. Nunavut ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n gé e kúrò lára Northwest Territories, lẹ́yìn àdéhùn orí ilẹ̀ tí ìjọba Kánádà bá àwọn Inuit, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ṣe lọ́dún 1993. Ilẹ̀ náà ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2021, ẹni 36,858 péré ni wọ́n bá níbẹ̀, bí ẹni 85 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ Inuit. Ìlú àti abúlé 25 ni wọ́n fọ́n ká sí. Kò sí títì tó so ìlú kan mọ́ èkejì níbẹ̀, bàálù lẹ ó wọ̀. Nígbà ooru, tí omi òkun tó dì bá yọ́, ọkọ̀ ojú omi á kó ẹrù ńláńlá wá, wọ́n á sì máa ná an títí ọdún á fi yípo.

Aṣòfin mélòó ló wà, báwo lèèyàn sì ṣe ń di ọ̀kan nínú wọn?

Méjìlélógún ni wọ́n. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, ìbò 2013 ni wọ́n fi kún un. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò, ìparí oṣù kẹwàá ló sì máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ dupò á gba fọ́ọ̀mù lórúkọ ara rẹ̀, á sì polongo lórúkọ ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ọdún 1999 kò fàyè gba irú ìyẹn: ẹni tí ẹgbẹ́ kò bá fà kalẹ̀, ilé ló máa jókòó sí. Òfin ìbò Nunavut tún gba ti ọlọ́dẹ rò. Ẹni tó bá wà ní àgọ́ tó jìnnà lọ́jọ́ ìbò lè fi fóònù sátẹ́láìtì dìbò tirẹ̀.

Tí kò bá sí ẹgbẹ́, ta ló ń yan olórí ìjọba?

Àwọn aṣòfin fúnra wọn ni. Prẹ́míà ni wọ́n ń pè é, orúkọ oyè tí àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé láti ayé Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Lẹ́yìn ìbò, gbogbo ọmọ ilé á péjọ sí Iqaluit tó jẹ́ olú ìlú. Wọ́n á kọ́kọ́ yan abẹnugan. Lẹ́yìn náà, àwọn tó bá fẹ́ ṣe prẹ́míà á dìde níkọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á sì da ìbéèrè bò wọ́n ní gbangba, kí wọ́n tó wá dìbò ìkọ̀kọ̀. Bí Paul Okalik ṣe di prẹ́míà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́dún 1999, ẹni ọdún 34 ni nígbà náà. Eva Aariak, tí wọ́n yàn lọ́dún 2008, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ti mínísítà ló yà mí lẹ́nu jù. Kì í ṣe prẹ́míà ló ń mú wọn. Ilé ló ń dìbò yan àwọn tó máa ṣe mínísítà, tí prẹ́míà á wá pín iṣẹ́ fún wọn: ìwọ gba ìlera, ìwọ gba ẹ̀kọ́, ìwọ gba ètò ìṣúná. Ẹni tó bá prẹ́míà du oyè lánàá lè jókòó tì í lónìí gẹ́gẹ́ bíi mínísítà, prẹ́míà kò sì ní lè sọ pé òun ò fẹ́ ẹ. Gómìnà wa wo ló máa gba irú èyí?

Ó dáa, ta wá ni alátakò?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò 2021, Prẹ́míà P.J. Akeeagok àti mínísítà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́sàn-án. Abẹnugan jẹ́ ẹnì kan. Ó ku méjìlá. Àwọn méjìlá wọ̀nyí ni aṣòfin tí kò sí nínú ìjọba, iye wọn sì ju ti ìjọba lọ. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: àwọn tó ń ṣèjọba kì í pọ̀ tó àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò. Bí àwọn méjìlá bá fẹnu kò, kò sí àbá òfin tàbí ètò ìṣúná tó lè kọjá lójú wọn. Nítorí náà, ìjọba kì í dúró dìgbà tí àbá bá dé gbọ̀ngàn. Ó ti máa ń gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó àwọn aṣòfin ṣáájú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ ohun tí wọn ò ní gbà.

Wọ́n tún lè yọ ẹni tí wọ́n fi jẹ. Paul Quassa di prẹ́míà ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Kì í ṣe ẹni kékeré: ó wà lára àwọn tó ṣíwájú ìdúnàádúrà tó bí Nunavut gan-an. Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn ọmọ ilé dìbò pé àwọn ò fọkàn tán an mọ́, wọ́n sì fi Joe Savikataaq, igbákejì rẹ̀, rọ́pò. Kò sí ilé ẹjọ́, kò sí ìwé ẹ̀sùn tó gùn bí ọjọ́. Quassa sì dúró sínú ilé bí aṣòfin lásán. Lọ́dún 2020, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìí kan náà fi í ṣe abẹnugan.

Àmọ́ kí n má purọ́, agbára àwọn aṣòfin wọ̀nyí máa ń dà bíi pé ó pọ̀ lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ. Wọn ò ní olórí, wọn ò ní ètò kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dì mú. Ẹnì kan ń wá ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀, ẹnì kejì ń wá pápákọ̀ òfurufú tó dáa, ìjọba tó bá gbọ́n sì mọ bó ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà kí nǹkan kan tó lè kọjá?

Rárá. Ìbò tó pọ̀ jù ló ń borí, bíi ti ilé aṣòfin yòókù. Northwest Territories náà ń lo ètò aláìlẹ́gbẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ òṣèlú wà ní Yukon, agbègbè kẹta.

Kí ni aṣòfin ibẹ̀ ń ṣe gan-an lójoojúmọ́?

Ẹ mú àgbègbè ìdìbò tó ń jẹ́ Quttiktuq. Ìlú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Arctic Bay, Resolute àti Grise Fiord. Nínú gbogbo ìlú tí aráàlú ń gbé ní Kánádà, Grise Fiord ló wà lókè àríwá jù, èèyàn 144 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2021. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di oṣù kejì, oòrùn kì í yọ níbẹ̀. Aṣòfin tó bá fẹ́ fojú kan àwọn tó dìbò fún un á wá bàálù kékeré wọ̀, bí ìjì yìnyín bá sì dé, á jókòó síbi tó bá a. Ìdí nìyí tí rédíò abúlé, fóònù àti Facebook fi jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Aráàlú mọ nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ìyá rẹ̀.

Ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé bá a kì í ṣe ti títì. Ti ilé gbígbé ló sábà máa ń ṣáájú: ilé ìjọba ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé, ilé kò sì kárí, ìdílé méjì mẹ́ta lè há mọ́ ibì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ìlera. Ọ̀pọ̀ abúlé kò ní dókítà tó ń gbé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é. Bí àìsàn bá le, ará ẹkùn Qikiqtaaluk níhà ìlà-oòrùn á fò lọ sí Iqaluit tàbí Ottawa, olú ìlú Kánádà; ará ẹkùn Kivalliq á lọ sí Winnipeg, ará ẹkùn Kitikmeot á lọ sí Yellowknife tàbí Edmonton. Aboyún a máa fi ilé sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìgbà tó máa bí, kó lọ dúró sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ta ló máa sanwó ẹni tó máa tẹ̀ lé e? Ṣé wọ́n máa gbà kí ìyá arúgbó tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ rẹ̀ dání? Léraléra ni ìbéèrè yìí ń jáde nínú ilé, ojú mínísítà ìlera sì ni wọ́n ń bi í.

Iná mànàmáná ńkọ́? Epo dísù ló ń gbé e ní gbogbo ìlú 25, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹnjìnnì tirẹ̀. Bí ẹnjìnnì bá kú láàárín òtútù, ẹ̀mí èèyàn lè bá a lọ. Olú ìlú pàápàá kò bọ́: ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, epo wọ inú omi ẹ̀rọ Iqaluit, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má mu ún, bàálù ló wá ń kó omi inú ike wọ̀lú. Nítorí náà, bí aṣòfin bá fi àkókò ìbéèrè béèrè nípa ọkọ̀ tó ń pín omi ní abúlé rẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ló ń sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú ilé?

Inuktitut, Inuinnaqtun, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni òfin mọ̀. Aṣòfin lè fi èdè ìyá rẹ̀ bi mínísítà ní ìbéèrè, ògbufọ̀ á sì túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Eyín gígùn nárwhal, ẹja àbùùbùtán tí eyín rẹ̀ yọ síta bí ọ̀kọ̀, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá àṣẹ ilé náà. Inú mi dùn sí ìyẹn ju ọ̀pá wúrà lọ.

Ẹni tó ń ṣojú wọn ní Ottawa ńkọ́?

Ìyẹn yàtọ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú wà ní ilé aṣòfin àpapọ̀, ẹgbẹ́ NDP ni Lori Idlout sì fi wọlé lọ́dún 2021. Aṣojú kan ṣoṣo ni Nunavut ní nínú 343, sẹ́nétọ̀ kan sì ni. Gbogbo ilẹ̀ tó ju Nàìjíríà méjì lọ yẹn jẹ́ àgbègbè ìdìbò ẹnì kan, aago sì yàtọ̀ síra lọ́nà mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ṣé ètò yìí sàn ju ti ẹlẹ́gbẹ́ lọ?

Níbi tí èèyàn kò ti pọ̀, tí gbogbo wọn sì mọra, mo gbà pé ó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Aráàlú kò ní ìbò lórí ẹni tó máa ṣe prẹ́míà, kò sì sí ìwé ìlérí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n lè nà síwájú ìjọba lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pé, "Ẹ ò ṣe èyí." Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ilé náà, àwọn kan dá a lábàá pé kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan máa yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Lóṣù karùn-ún ọdún 1997 wọ́n dìbò lé e lórí, ẹni 57 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní àwọn ò fẹ́. Àbá náà ì bá jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé, ó sì dùn mí pé kò kọjá.

Ṣé iṣẹ́ wọn máa pọ̀ sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì máa pọ̀ gidigidi. Títí di ìsinsìnyí, Ottawa ló ń pàṣẹ lórí ilẹ̀ ìjọba àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀, òun náà ló sì ń fún Nunavut ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń ná. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní Iqaluit pé àṣẹ náà máa bọ́ sọ́wọ́ Nunavut nígbà tó bá di ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2027. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ìwakùsà àti owó tó ń ti ibẹ̀ wá máa dé iwájú àwọn méjìlélógún yìí, pẹ̀lú ti ọkọ̀ omi àti ti aboyún tó ń wá ìwé bàálù.