Kí ló ń lé báńkì lọ sí ilẹ̀ òkèèrè?

Ìbéèrè: Nílé, báńkì mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tó ń sá. Kí ló wá ń wá níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni?

Ìdáhùn: Ó mọ ẹnì kan níbẹ̀: oníbàárà rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá lọ ṣòwò lókè òkun yóò san owó oṣù ní owó ibẹ̀, yóò ṣẹ́ owó, yóò yá owó ra ẹ̀rọ. Bí báńkì rẹ̀ kò bá sí nítòsí, báńkì ibẹ̀ ni yóò bá a ṣe é. Bí ìyẹn bá sì ṣe é dáadáa, kò ní pẹ́ tí yóò fi gba iṣẹ́ tilé náà mọ́ ọn. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù kí oníbàárà má bọ́ lọ́wọ́ ẹni ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn jáde, ju wíwá èrè tuntun lọ.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n kàn lè dìde lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àfi bí òfin bá gbà. Òfin tó dá Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1913 ló kọ́kọ́ gba àwọn báńkì tó ń lo ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láàyè láti ṣí ẹ̀ka sí òkèèrè. Lọ́dún 1914, National City Bank of New York, tó di Citibank lẹ́yìn náà, ti wà ní Buenos Aires.

Òfin fúnra rẹ̀ tún lè lé báńkì jáde. Láti ọdún 1933 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi gbèdéke sí èlé tí báńkì lè san lórí owó tí èèyàn fi pamọ́. Gbèdéke yẹn kò dé Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ni báńkì Amẹ́ríkà bá ń rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń gba dọ́là kan náà, wọ́n sì ń san èlé tó ju ti ilé lọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ṣòfin náà ló tì wọ́n síta!

Ìbéèrè: Kí ló dé tí báńkì Sípéènì fi pọ̀ ní Látìn Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Èdè kan náà, òfin tó jọra, ọjà ilé tó sì ti kún. BBVA gba Bancomer ti Mẹ́síkò ní 2000, ibẹ̀ ló sì ti ń rí èrè jù lónìí.

Ìbéèrè: Ta ló ń san owó èèyàn bí irú báńkì bẹ́ẹ̀ bá dojú dé?

Ìdáhùn: Ó dá lórí bó ṣe wọlé. Bó bá dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lábẹ́ òfin ibẹ̀, ètò ìdáàbòbò owó oníbàárà ti ibẹ̀ ló ń bójú tó o. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka lásán, ó lè jẹ́ ètò ti ilé. Ẹ̀ka ni Landsbanki ti Iceland fi ń gba owó àwọn ará Bìrìtìkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ orúkọ Icesave. Nígbà tó dojú dé ní 2008, agbára ètò Iceland kò ká a. Ìjọba Bìrìtìkó ló kọ́kọ́ sanwó fún àwọn èèyàn rẹ̀, ìjà ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́.

Ìbéèrè: Kí ló ń dá wọn padà sílé nígbà náà?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn oníbàárà kéékèèké tí wọ́n lọ bá níbẹ̀ ni kì í mówó wọlé tó. Ní 2021, Citi, tó ni Citibank, kéde pé òun yóò kúrò nídìí iṣẹ́ àwọn oníbàárà kéékèèké ní orílẹ̀-èdè 13. Iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni kò fi sílẹ̀.