Ìdí Tí Mámógíràmù Fi Lè Fo Jẹjẹrẹ Nínú Ọmú Tó Ki

Ọ̀rá wà nínú ọmú obìnrin, àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe wàrà àti ojú ọ̀nà tí wàrà ń gbà wà níbẹ̀, ẹran tó yi tó so gbogbo wọn pọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹṣẹ́ àti ẹran yìí bá pọ̀ ju ọ̀rá lọ, àwọn dókítà á ní ọmú náà ki. Kíki yìí kì í ṣe àìsàn, ọwọ́ kò sì lè mọ̀ ọ́n: ọmú tó rọ̀ lè ki, èyí tó le lè má ki. Inú àwòrán mámógíràmù ni wọ́n ti ń rí i.

Èkísíréè ọmú ni mámógíràmù. Wọ́n á fi pátákó méjì tẹ ọmú pẹrẹsẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì ya àwòrán rẹ̀ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ìtànṣán ẹ̀rọ náà máa ń gba inú ọ̀rá kọjá wẹ́rẹ́, nítorí náà ọ̀rá máa ń dúdú nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ẹṣẹ́ àti ẹran tó yi máa ń dá a dúró, wọ́n á sì funfun. Ibi tí wàhálà wà ni pé kókó jẹjẹrẹ náà funfun. Láàárín ọ̀rá tó dúdú, kókó náà á yọ kedere; nínú ọmú tó ki, funfun á bo funfun mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ iyán tí kò kúná ní Èkìtì mọ irú rẹ̀: ojú kò rí kókó inú iyán, ọwọ́ ló ń bá a pàdé.

Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín kíki ọmú sí, láti A dé D, C àti D ló sì ki. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún ló wà ní ìpele méjèèjì yìí, láti oṣù Kẹsàn-án 2024 sì ni òfin ti mú un ní dandan níbẹ̀ pé kí wọ́n sọ fún obìnrin tó bá ya mámógíràmù bóyá ọmú rẹ̀ ki. Yàtọ̀ sí pé kíki ń fi kókó pamọ́, òun fúnra rẹ̀ tún ń fi kún ewu àtiní jẹjẹrẹ. Ọmú ọ̀dọ́ ló sábà máa ń ki jù. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ọ̀rá á máa gba ipò ẹṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ń mú ní Nàìjíríà ni kò tíì pé 50 ọdún.

Ìró ni ẹ̀rọ skáànù, irú èyí tí àwọn aláboyún ń lò, fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àwòrán skáànù, ẹṣẹ́ ló ń funfun, kókó jẹjẹrẹ sì sábà máa ń dúdú, èyí tó mú kí ó lè rí ohun tí mámógíràmù fò. Àmọ́ ó tún máa ń tọ́ka sí kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn èérún funfun wínníwínní tí mámógíràmù fi ń tètè fura sí jẹjẹrẹ. Ìkan kò lè gba ipò èkejì. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, mú ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, bí èsì mámógíràmù bá ní òun kò rí nǹkan kan, ohun tí àwòrán náà lè fi hàn nìkan ló ń sọ. Obìnrin tó wá láti Ọ̀tún tàbí Ìkọ̀lé sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó-Èkìtì tàbí Ìdó-Èkìtì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìpele tí ọmú rẹ̀ wà. Bí ó bá fọwọ́ kan kókó, tàbí tí awọ ọmú ń súnkì, tí orí ọmú wọnú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde, èsì tó mọ́ kò tó láti fi dá a padà sílé, bí kò tilẹ̀ dùn ún rárá. Skáànù ló kàn, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ tí wọ́n á fi mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè sọ ní pàtó bóyá jẹjẹrẹ ni.