Ta Ló Rán Awakọ̀ Níṣẹ́?

Bí òṣìṣẹ́ bá fi ọkọ̀ gbá èèyàn, ohun tí ọ̀gá sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Òfin kì í ti ibẹ̀ wo ọ̀rọ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé: ta ló rán awakọ̀ náà níṣẹ́?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti jogún ìlànà yìí, ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ láti ọdún 1834, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí ọmọọṣẹ́ bá ń jíṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kódà bó yà síbì kan lójú ọ̀nà, ọ̀gá ni yóò san owó gbà-má-bínú. Bó bá jẹ́ fàájì ara rẹ̀ nìkan ló bá lọ, òun ni yóò fojú winá rẹ̀.

Ẹjọ́ ọdún 1862 ló yẹ kí gbogbo ọ̀gá tó gbójú lé ìwé ìkìlọ̀ ara ògiri mọ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò kan ní London tẹ̀wé fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mìíràn sáré tàbí dí i lọ́nà. Awakọ̀ kan ṣáà fi tirẹ̀ dábùú ọ̀nà ọkọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. Ìwé yẹn kò gba iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ló ṣì ń ṣe, bó tilẹ̀ ṣe é lọ́nà tí wọ́n ní kó má gbà.

Ìrìn ojoojúmọ́ láti ilé sí ibi iṣẹ́ kì í sábà wà lára iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lọ́dún 1989 fi hàn pé ó níbi tó mọ. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ méjì lọ sí iléeṣẹ́ amúnáwá kan ní Pembroke, ní Wales. Wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọn ò sùn, wọ́n bá wọ ọkọ̀ ọ̀kan nínú wọn padà sílé. Ọkọ̀ náà ya kúrò lójú títì, ó sì kọlu ògiri bíríkì. Kò ní ìwé adójútòfò. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí agbanisíṣẹ́ wọn dáhùn fún un, torí pé ó ń san owó iṣẹ́ fún wọn lórí àkókò ìrìnàjò náà.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀bi òṣìṣẹ́ tó já lé ọ̀gá lórí ni. Ẹ̀bi ọ̀gá fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Òfin ààbò ibi iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní Bìrìtéènì ní kó dáàbò bo òṣìṣẹ́ àtàwọn ará ìta débi tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó to ìrìn awakọ̀ débi pé kò lè parí rẹ̀ láìsáré àsápajúdé, tàbí tí kò béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ rí, lè ti rú u. Òfin ọdún 2007 tún wá mú kó rọrùn sí i láti fẹ̀sùn ìpànìyàn kan iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀mí bá sọnù, àwọn olùwádìí lè béèrè àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́, ti àtúnṣe ọkọ̀ àti ti ìpè fóònù. Aago tí ọ̀gá pe awakọ̀ pé “O ti débo?” àti aago tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ yóò wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.