Kí ni h-index ń kà gan-an?

Ṣí ojú ìwé ọ̀mọ̀wé kan lórí Google Scholar, wàá rí nọ́ńbà mẹ́ta: àròpọ̀ ìtọ́kasí, h-index àti i10-index (iye àpilẹ̀kọ tó ní ìtọ́kasí tí kò dín ní mẹ́wàá). Èyí àárín yẹn ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ń fi í gbani síṣẹ́, wọ́n ń fi í gbéni ga, wọ́n sì ń fi í pín owó ìwádìí.

Orí ìtọ́kasí ló dúró lé. Bí ẹnì kan bá kọ àpilẹ̀kọ, tó sì dárúkọ iṣẹ́ rẹ mọ́ àwọn ibi tó ti rí nǹkan mú, ìtọ́kasí kan nìyẹn fún ọ. Eugene Garfield ní Amẹ́ríkà ló sọ kíkà wọn di iṣẹ́ ńlá, nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Science Citation Index jáde ní 1964. Kí olùwádìí lè tọpa èrò kan láti inú ìwé kan dé òmíràn ló wà fún nígbà yẹn. Wíwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀ lẹ́yìn náà ni.

Ní 2005 ni Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Kalifóníà ní San Diego, mú h-index wá. Ká ní ẹnì kan ní àpilẹ̀kọ méje, tí a tò wọ́n látorí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù: 40, 22, 9, 6, 5, 3, 1. Máa kà á bọ̀ látòkè. Ìkẹrin ní 6, ó kájú ipò rẹ̀. Ìkarùn-ún ní 5, òun náà ṣì kájú ẹ̀. Ìkẹfà ní 3 péré, kò tó 6, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. h-index rẹ̀ jẹ́ 5, ìyẹn ni pé ó ní àpilẹ̀kọ márùn-ún tí ìtọ́kasí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dín ní márùn-ún.

Wàyí o, jẹ́ kí 40 yẹn di 4,000. 5 náà ni h-index á ṣì jẹ́. Hirsch mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lókìkí má baà bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fìyà jẹ ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀ àmọ́ tó jinlẹ̀. Iṣẹ́ tí Peter Higgs, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe patíkù Higgs, ṣe ní 1964 ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2013, ohun tó sì kọ lẹ́yìn náà kò tó nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé láyé òde òní, kò dá òun lójú pé yunifásítì kankan á gba òun síṣẹ́.

Ibi tó ti wá le jù ni ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ bíi mẹ́ta. Àwọn oníṣègùn pọ̀, ìwé wọn ń jáde léraléra, àpilẹ̀kọ kan sì lè tọ́ka sí ọgọ́ta iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìtọ́kasí wọn ṣe ṣókí, ìbéèrè kan sì lè gbà wọ́n lọ́dún mélòó kan. Àwọn òpìtàn ní tiwọn, ìwé odidi ni wọ́n ń kọ, bẹ́ẹ̀ àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ni Scopus àti Web of Science, àwọn àkójọ ńlá tó ń ka ìtọ́kasí, mọ̀ ọ́n kà jù. Tí onímọ̀ ìṣirò kan bá ń bá dókítà ṣiṣẹ́ lórí ìtànkálẹ̀ àrùn, tó tún ń kọ ìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, iṣẹ́ ìṣègùn yẹn ló máa gbé h-index rẹ̀ sókè jù. Ìwé ìtàn tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà lè má hàn níbẹ̀ rárá. Ó dà bí ẹni ro kílò pọ̀ mọ́ mítà.

Ti àwọn tó jọ kọ ìwé tún wà níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 2015 lórí bí patíkù Higgs ṣe wúwo tó ní òǹkọ̀wé 5,154, odidi ìtọ́kasí sì ni olúkúlùkù wọn ń rí gbà. Ta ló ṣe kí ni? h-index ò bìkítà.

Àtúnṣe kan tó mọ́gbọ́n dání ni pé kí a mú ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ kan, kí a fi iye tí irú rẹ̀ sábà ń ní nínú ẹ̀ka kan náà, lọ́dún kan náà, pín in. FWCI (Field-Weighted Citation Impact) ni Scopus ń pe tiwọn, 1.00 sì ni ìpíndọ́gba gbogbo ayé. Bí àpilẹ̀kọ ìṣirò bá ní 12 níbi tí irú rẹ̀ ti ń ní 4, 3.00 nìyẹn. Ti ìṣègùn tó ní 30 níbi tí 30 ti jẹ́ déédéé kò kọjá 1.00. Àléébù tirẹ̀ ni pé jọ́nà tí iṣẹ́ ti jáde ni wọ́n sábà fi ń mọ ẹ̀ka tó wà, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó wà ní ààlà ẹ̀ka méjì ló sì sábà ń fara gbá a.

Ìtọ́kasí kì í sì í ṣe ìyìn nígbà gbogbo. Àpilẹ̀kọ 1998 tó fẹ́ so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR (ti measles, mumps àti rubella) mọ́ ọ́tísìmù, tí jọ́nà ìṣègùn The Lancet fà padà ní 2010, ní ìtọ́kasí rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń já a nírọ́.

Tó bá wá di dandan kí o kọ h-index rẹ sínú ìwé ìwáṣẹ́, kọ ibi tí o ti mú un àti ọjọ́ tí o mú un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Google Scholar ń ka tíísìsì àti ìwé tí jọ́nà kò tíì gbà jáde mọ́ ọn, nítorí náà tiwọn sábà máa ń ga ju ti Scopus lọ fún ẹnì kan náà.