Fíìmù ẹ̀rù tí wọn ò náwó sí: ta ló sọ pé owó ló ń dẹ́rù bani?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ níbi gbogbo ní Adó-Èkìtì yìí, ní sáàlúùnù, ní ìsọ̀ àwọn tó ń kó fíìmù sí fóònù fún èèyàn, kódà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSU): "Wọn ò náwó sí fíìmù yẹn, kò lè dáa." Ó tán. Bí ẹni pé owó ló ń dẹ́rù ba èèyàn. Tó bá wá jẹ́ fíìmù ẹ̀rù onísáyẹ́ǹsì, èyí tó ní èlíẹ̀n tàbí sọ́ńbì tàbí abàmì kan tó já kúrò nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní rọ́bà ni wọ́n fi ṣe abàmì yẹn, wọ́n á ní okùn ń hàn lára ọkọ̀ òfuurufú yẹn, tí ẹnì kan bá sì ní òun fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n á ní ó kàn ń wò ó láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi fẹ́ràn wọn gan-an, mi ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ká jọ wo ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ B-movie, orúkọ tí wọ́n ń pe irú fíìmù tí wọn ò náwó sí yìí. Ọ̀pọ̀ rò pé B yẹn dà bí B inú èsì ìdánwò, pé ẹnì kan jókòó ó máàkì fíìmù náà, kò tó A. Rárá o. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, àwọn ilé sinimá ń wá bí wọ́n ṣe máa fa èrò, ni wọ́n bá ń fi fíìmù méjì hàn fún owó tíkẹ́ẹ̀tì kan. Èyí tó ní òṣèré ńlá ni A, èyí tí wọ́n fi kún un ni B. Ẹni tó ni A máa ń gba ìpín nínú owó tí wọ́n bá pa lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ iye kan pàtó ni wọ́n ń san lórí B, èrò ì báà kún, ì báà má kún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tó bá jẹ́ pé ẹ ti mọ iye tí ọjà yín máa mú wọlé kí ẹ tó ṣe é, ṣé ẹ ó náwó kọjá ẹ̀? Ìṣirò ọjà ló jẹ́ kí owó yẹn kéré, kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe é ò mọṣẹ́.

Àwọn kan mọṣẹ́ ju àwọn tó ń ṣe A lọ. Ní 1942, sítúdíò RKO fún Val Lewton, tó ń bá wọn gbé fíìmù jáde, ní orúkọ fíìmù kan, Cat People, wọ́n ní kó lọ wá ìtàn sí i, kó má sì ná tó 150,000 dọ́là. Obìnrin kan tó ń bẹ̀rù pé òun máa di ẹkùn ló wà nínú ìtàn náà. Dípò kí òun àti Jacques Tourneur, tó jẹ́ dairẹ́kítọ̀, lọ rán aṣọ ẹkùn tí àwọn ọ̀tá rọ́bà máa fi rẹ́rìn-ín lónìí, òjìji ni wọ́n lò, òjìji lára ògiri ibi ìlúwẹ̀ẹ́, àti ìró. Ibì kan wà níbẹ̀ tí obìnrin kan ń dá rìn lálẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri páàkì, ẹ ń gbọ́ bàtà rẹ̀, ẹ ń gbọ́ bàtà ẹlòmíì lẹ́yìn rẹ̀, ó dìgbà kan bàtà kejì dákẹ́, obìnrin yìí yára, ó ń sáré, àyà yín ti ń já, lójijì nǹkan kan bú "ṣíííì!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni. Bọ́ọ̀sì lásán tó wá gbé èrò. Títí di òní orúkọ Lewton àti ti bọ́ọ̀sì yẹn làwọn oníṣẹ́ fíìmù fi ń pe irú ìjáyà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹkùn kankan lójú ibẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà lálẹ́ tí kò síná mọ ohun tí mò ń sọ, ìyá ò fi iwin kankan hàn wá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ dá jáde lọ tọ̀.

Sáyẹ́ǹsì wá bọ́ sí i lẹ́yìn ogun. Wọ́n ti ju bọ́ǹbù átọ́míìkì ní 1945, àwọn èèyàn ń gbọ́ nípa ìtànṣán tó ń pa èèyàn tí ojú ò rí, Rọ́ṣíà gbé sátẹ́láìtì Sputnik sójú ọ̀run ní 1957, ẹ̀rù wà nílẹ̀ káàkiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní 1948 tó mú kí àwọn sítúdíò ńlá yọwọ́ nínú ilé sinimá tí wọ́n ni, àwọn kékeré wá rí àyè wọlé, wọ́n ń ṣe fíìmù fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sínú mọ́tò wo sinimá ní gbangba. Ohun tó yẹ ká fọkàn sí nìyí o: ẹ̀rù tó ti wà lọ́kàn èèyàn tẹ́lẹ̀, kò ná ẹni tó ń ṣe fíìmù ní kọ́bọ̀. Ẹ wo Invasion of the Body Snatchers ti 1956, owó tí wọ́n fi ṣe é ò tó ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Ọmọdé kan ń sunkún pé ìyá òun kì í ṣe ìyá òun mọ́. Obìnrin kan ní Ọ́ńkù Ira kì í ṣe ọ́ńkù òun mọ́, ojú ẹ̀ ni, ohùn ẹ̀ ni, gbogbo ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì mọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti kúrò nínú ojú yẹn. Kí ni èèyàn fẹ́ fi mílíọ̀nù kún ìyẹn? Ìlú kékeré ni, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọra wọn, bíi Ọ̀yẹ́ tàbí Ìjerò tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yí padà, ẹni tó bá sùn ló máa jí gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíì. Mo gbà pé kò sí fíìmù olówó ńlá kan lọ́dún yẹn tó wọni lára tó o.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń fi bá àwọn èèyàn jiyàn jù ni Night of the Living Dead, 1968. George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Pittsburgh, iṣẹ́ ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣàn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n dáwó láàrin ara wọn, wọ́n tún wá ẹlòmíì tó dá sí i, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 114,000 dọ́là. Wọ́n rí ilé oko kan tí wọ́n ti fẹ́ wó, wọ́n yá a. Fíìmù dúdú àti funfun ni, torí náà ṣokoléètì olómi ló di ẹ̀jẹ̀. Alápatà tó wà lára àwọn tó dáwó ló kó ìfun àti ẹran wá fún wọn. Àwọn ará àdúgbò ló di sọ́ńbì. Ohun tó jí òkú dìde, redíò àti tẹlifíṣàn inú fíìmù ló ń sọ ọ́ fún wa, wọ́n ní bóyá ìtànṣán ni, láti ara ẹ̀rọ òfuurufú kan tó ń bọ̀ láti Venus, ẹ ò rí ẹ̀rọ náà rárá, oníròyìn tó ń làágùn lẹ ó rí, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dà bíi pé òótọ́ ni.

Duane Jones, aláwọ̀ dúdú, ni olórí òṣèré, lọ́dún tí wọ́n pa Martin Luther King tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Òun ló ní làákàyè jù nínú ilé yẹn, òun ló ń kan pákó mọ́ fèrèsé, òun ló ń gba àwọn tó kù là. Ó ja títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn tó wá dóòlá èèyàn dé, wọ́n rí i lójú fèrèsé, wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n ní sọ́ńbì ni. Ó parí síbẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló ní mílíọ̀nù tó pọ̀ nínú fíìmù tó máa jẹ́ kó parí báyẹn? Owó ńlá ní ẹ̀rù tiẹ̀, ó ń bẹ̀rù kí òǹwòran má bínú. Ẹni tó ná díẹ̀ lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, fún èmi o, ìyẹn ló fà mí mọ́ àwọn fíìmù yìí jù, ó ju ẹ̀jẹ̀ àti ariwo lọ.

Wọ́n tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Roger Corman, ọ̀gá nínú ṣíṣe fíìmù olówó kékeré, tó kú ní 2024 lẹ́ni ọdún 98, ya èyí tó pọ̀ jù nínú The Little Shop of Horrors ti 1960 láàrin ọjọ́ méjì péré, lórí sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lò fún fíìmù mìíì. Ọwọ́ ẹ̀ ni àwọn dairẹ́kítọ̀ ńlá bíi Coppola, Scorsese, Jonathan Demme àti James Cameron ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní nígbà tí Cameron ń ṣiṣẹ́ lórí Galaxy of Terror, 1981, ìdin tí wọ́n kó sórí apá òkú kan kọ̀ kò mira, ló bá fi wáyà iná kan ibẹ̀, àwọn ìdin bẹ̀rẹ̀ sí í jà pìtìpìtì. Kò sí ẹni tó lówó táá ronú bẹ́ẹ̀, ó máa rán ẹnì kan kó lọ ra ìdin mìíì wá ni.

Òótọ́ ni pé èyí tí ò dáa pọ̀ nínú wọn, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Plan 9 from Outer Space tí Ed Wood darí, ìwé kan ní 1980 pè é ní fíìmù tó burú jù láyé. Bela Lugosi, òṣèré inú ẹ̀, kú ní 1956 kí wọ́n tó ṣe fíìmù náà, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan tí wọ́n ti ya tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní, ni wọ́n bá mú ọkùnrin mìíì tó ga jù ú lọ, ó fi aṣọ bojú títí fíìmù fi parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlówó ló ba fíìmù yẹn jẹ́ o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́nu àwọn òṣèré ni, Romero náà ò lówó. Síbẹ̀ mo wò ó tán, torí pé ó hàn pé Ed Wood fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ, mo ti wo fíìmù igba mílíọ̀nù dọ́là tí mi ò rí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ẹ tún wo ti fíìmù Dark Star, 1974, nǹkan bí 60,000 dọ́là. Bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n fi ń ṣeré létí òkun ni wọ́n kùn láwọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ sí i, èlíẹ̀n dé. Dan O'Bannon tó bá wọn kọ ọ́ rí i pé àwọn èèyàn ò rẹ́rìn-ín sí i tó bó ṣe fẹ́, ó ní kóun yáa fi dẹ́rù bà wọ́n, ọkọ̀ òfuurufú kan náà, òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀, ẹ̀dá kan tó ń sá kiri inú ọkọ̀. Bó ṣe kọ Alien ti 1979 nìyẹn, mílíọ̀nù bíi 11 ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Owó ló jẹ́ kó rẹwà, àmọ́ lára bọ́ọ̀lù ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ni. Àwọn ọmọ Kàdúná kan tó ń jẹ́ The Critics Company, fóònù tí gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ya fíìmù sáyẹ́ǹsì tiwọn, wọ́n na aṣọ àwọ̀ ewé sẹ́yìn, iná ń lọ iná ń bọ̀, ní 2019 gbogbo ayé gbọ́ nípa wọn, J.J. Abrams, dairẹ́kítọ̀ ńlá ní Hollywood, gan-an fi irin iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Àwa ní Èkìtì, kí la ń dúró dè? Òkúta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òkè Ẹ̀fọ̀n wà, kùrukùru òwúrọ̀ ọyẹ́ wà, a ò náwó ká tó ní wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ya síkíìtì lójoojúmọ́, tí owó díẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ra ẹ̀jẹ̀ àti bojúbojú o, ẹ fi ra máìkì tó dáa, torí etí ni ẹ̀rù ń gbà wọlé, tí ìró bá ti burú kò sí abàmì tó lè gbà yín.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ ọ láti orí èyí tó dáa, ẹ wá Night of the Living Dead yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà kó tó jáde, ẹni tó ń gbé e jáde gbàgbé àtifi àmì ẹ̀tọ́ oní-nǹkan síbẹ̀, bó ṣe di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà nìyẹn, wíwò ẹ̀ ò náni ju dátà lọ. Ẹ wò ó lálẹ́, ẹ fi yáàpìsì setí, kí ẹ máa kọ gbogbo ibi tí àyà yín bá ti já sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ padà lọ wo ohun tó wà lójú kámẹ́rà níbẹ̀.